Kí Dókítà Eyín Tó Gbé Ẹ̀mú: Àìsàn Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìtọ́jú Ẹnu

Iṣẹ́ abẹ ni eyín yíyọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á kún iṣẹ́ abẹ. Bí eyín bá kúrò ní àyè rẹ̀, ihò tó kù sínú egungun kò ṣeé fi báńdéèjì dì. Itọ́ kò ní í yéé ṣàn kọjá lórí rẹ̀, ahọ́n yóò máa tọ́ ọ wò, oúnjẹ náà yóò máa kàn án. Ohun kan ṣoṣo tó lè dí ihò náà ni ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀: yóò dà, yóò dì, ẹran tuntun yóò sì gba abẹ́ èyí tó dì náà hù. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dá. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àléébù, ó lè má dá bọ̀rọ̀, ó lè dá kó tún tú lọ́jọ́ kẹrin, tàbí kó dá dáadáa kí egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì máa kú díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó kan dókítà eyín nínú ẹ̀jẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri ara. Bí wọn kò bá tó, egbò kì í tètè jinná. Sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń gbógun ti kòkòrò àrùn, ẹnu sì wà lára ibi tí kòkòrò pọ̀ sí jù nínú ara. Plétílẹ́ẹ̀tì, àwọn ègé tíntìntín tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ti ya, ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídá ẹ̀jẹ̀ dúró. Àwọn èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló ń parí rẹ̀. Mùdùnmúdùn egungun ni orísun gbogbo sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Bí mùdùnmúdùn bá ṣàìsàn, gbogbo wọn ló lè dàrú pọ̀.

Nínú gbogbo àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún, èyí tí Yorùbá mọ̀ jù ni fòníkú-fọ̀ladìde, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹ̀jẹ̀ SS. Bí ènìyàn mẹ́rin bá wọ takisí Micra láti Òkè-Àdó lọ sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ohun pàtàkì tí dókítà eyín ní láti yí padà nítorí rẹ̀. SS ni àìsàn. SC náà sì ni àìsàn, ó sì yẹ kí ará Ìbàdàn fiyè sí i, nítorí pé C wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ju bó ti wà láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó kù ní Nàìjíríà lọ. Ẹni SC lè sanra, kó ga, kó ṣe ìgbéyàwó, kó má sì mọ̀ pé òun ní ohunkóhun títí di ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́ lórí àga dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fojú bù ú pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àìsàn yìí. Gbogbo wọn ló ń hu eyín.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto ló máa ń tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, á sì dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Sẹ́ẹ̀lì ẹni AA, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àléébù yìí, a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Ti ẹni SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Mùdùnmúdùn ní láti máa sáré ṣe òmíràn lọ́sàn-án lóru, ó sì ń gbòòrò nínú egungun láti rí àyè ṣe é. Ní ojú, èyí lè mú kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè yọ síwájú, kí eyín òkè ta síta, kí ètè méjèèjì má sì pàdé dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà ní iléèwé á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá rẹ̀ á sì rò pé ìka tó ń mu ní kékeré ló fà á. Eyín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ kó tó hù, èrìgì rẹ̀ kì í sì í pọ́n bí ti ọmọ yòókù.

Ohun tó máa ń rú dókítà lójú jù ni eyín tó ń dùn tí kò sì ní ihò kankan. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ eyín gba ojú ihò tóóró kan ní ìdí gbòǹgbò rẹ̀ wọlé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Bí sẹ́ẹ̀lì dòjé bá dí ibẹ̀, inú eyín náà kú láìsí kòkòrò, láìsí ṣúgà, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Aláìsàn á fọwọ́ kan eyín kan lónìí, á fọwọ́ kan òmíràn lọ́la. Bí wọ́n bá ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrora náà kò ní í lọ, torí pé ohun tó ń fa ìrora kì í ṣe ohun tí ẹ̀mú lè yọ. Ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n náà lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìrora ńlá bá ti kọjá, nítorí pé iṣan ìmọ̀lára tó gba inú egungun àgbọ̀n kọjá kò rí ẹ̀jẹ̀ tó nígbà náà. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ yìí gan-an ló tún léwu jù. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò pọ̀ tó ti òkè, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé apá kan egungun mọ́, kòkòrò tó bá ráyè wọlé á jókòó síbẹ̀, egungun á máa jẹrà, ọyún á máa jáde lábẹ́ àgbọ̀n fún oṣù gbọọrọ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni SS máa gbé eyín tó ti jẹrà kiri. Ọlọ inú rẹ̀, tó yẹ kó máa sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti máa ń rọ láti kékeré. Àkóràn inú eyín kan lè tàn ká, ó sì lè fa ìrora ńlá tí yóò gbé e dé wọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, àwọn òbí mìíràn a máa pa ọmọ SS mọ́ kúrò lọ́dọ̀ dókítà eyín, wọ́n á ní ara rẹ̀ kò lè gbà á. Ìdàkejì ni òtítọ́. Ọmọ tí wọ́n ń yẹ eyín rẹ̀ wò déédéé, tí wọ́n ń dí ihò rẹ̀ nígbà tí kò tíì tóbi, kò ní í bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ yọ eyín mẹ́ta lójú kan náà.

Bí yíyọ bá sì di dandan, ó ṣeé ṣe. Àárọ̀ ni àkókò tó dára jù, kí ìjókòó náà má sì pẹ́. Kí aláìsàn mu omi dáadáa ṣáájú, kó má gba ààwẹ̀ wá, kó mú aṣọ tó nípọn dání bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ nínú iyàrá tàbí bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, torí pé òùngbẹ, òtútù àti ìbẹ̀rù wà lára ohun tó ń ta ìrora rẹ̀ jí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹnu kò ní í ṣe é ní nǹkan. Oògùn ìkunnilóorun ló gba ìṣọ́ra: ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kí wọ́n ti lò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ PCV rẹ̀, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, wò, tí ọ́síjìn àti ẹ̀jẹ̀ sì wà nítòsí. Parasitamọ́ọ̀lù ni oògùn ìrora tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Bí aláìsàn bá wà nínú ìrora fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́, ohun tó bá lè dúró nínú iṣẹ́ eyín, kó dúró. Àwọn tó ń lo hydroxyurea, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde kan, ní láti sọ fún dókítà, nítorí pé oògùn náà lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun àti plétílẹ́ẹ̀tì kù, ó sì lè fa egbò ẹnu.

Ìtàn àìsàn yìí àti iṣẹ́ eyín ti so mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ìlú òyìnbó kọ ìwé nípa sẹ́ẹ̀lì dòjé rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ eyín ni. Orúkọ rẹ̀ ni Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada, tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 1904, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ikọ́ àti ara tó rẹ̀. Dókítà kékeré kan, Ernest Irons, fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ awò, ó sì ya àwòrán àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìrísí wọn kò bá ti ẹlòmíràn mu. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, gbé ìròyìn náà jáde ní 1910. Noel ti gboyè ní tirẹ̀ ní 1907, ó padà sílé, ó ṣí ibi ìtọ́jú eyín sí ìlú St. George's, ó sì ń yọ eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí òtútù àyà fi pa á ní 1916 lẹ́ni ọdún 32. Ẹni tó ní sẹ́ẹ̀lì dòjé tó ń ṣe dókítà eyín ti wà báyìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, pákò ló so àìsàn yìí àti ìtọ́jú eyín pọ̀. Orín àtà, tó máa ń ta ahọ́n tó sì ń mú ẹnu kú díẹ̀ bí a bá ń rún un, wà lára pákò tí àwọn àgbà fẹ́ràn jù, ó sì wà lórí àtẹ àwọn ìyá elégbòogi ní àwọn ọjà Ìbàdàn títí dòní. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń dán omi oríṣiríṣi pákò wò lórí àwo tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, láti mọ èyí tó ń pa kòkòrò ẹnu, wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ inú àwo tí omi orín àtà wà kò pàwọ̀ dà. Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1971 pé omi gbòǹgbò igi náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ti rí tẹ́lẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò ni o. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ìwádìí ti pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di oògùn tí ilé ìwòsàn ń kọ fún ẹni SS, ẹni tó bá sì ń rún un kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Oògùn Niprisan, tí iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abùjá ṣe láti ara àgbo Yorùbá kan, ní kànáfùrù nínú, kànáfùrù kan náà tí ìyá àgbà ń kì bọ ihò eyín tó bá ń dùn.

Àìsàn kejì tó gbilẹ̀ láàárín Yorùbá kò ní orúkọ ní ẹnu ará ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ọkùnrin kan nínú márùn-ún tó ní in. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ló dín kù nínú sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Ara wọn le ní gbogbo ìgbà, àyàfi bí wọ́n bá pàdé ohun tó ń ba sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́. Àwọn ìyá Ìbàdàn mọ ọ̀kan nínú ohun náà dunjú láìmọ ìdí: káfúrà tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, tí ojú ọmọ á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìbàdàn yìí kan náà ni Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀jẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í gbilẹ̀ dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò pé. Ní 1970, wọ́n fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà bá wọ̀ máa ń yá láti tẹ̀ ju èyí tí kò wọ̀ lọ, ara á sì lè tètè kó o dànù. Ibà ló jẹ́ kí àwọn àléébù wọ̀nyí pọ̀ láàárín wa: wọ́n gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ikú kan, wọ́n sì fi gbèsè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Lọ́dọ̀ dókítà eyín, ẹni tí G6PD rẹ̀ kò pé gbọ́dọ̀ yàgò fún oògùn tó ní sulfa nínú, irú bíi Septrin, kó sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń pa ẹnu, prilocaine, kò bá a lára mu. Òmíràn wà tí wọ́n lè lò dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá yàtọ̀. Himofílíà ni èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá náà lè má ṣàìsàn. Bó bá le, ìdí kì í pẹ́ hàn: ilà abẹ́ tí wọ́n dá fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kọ̀ kò jinná, ẹ̀jẹ̀ ń kán títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó bá ń rá, orúnkún rẹ̀ á máa wú. Ṣùgbọ́n èyí tí kò le lè fara pamọ́ fún ogún ọdún, kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ̀kan nínú eyín kàkì rẹ̀ ni àṣírí tú. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Àìsàn von Willebrand, tí dókítà ọmọ Finland tó ń jẹ́ orúkọ náà kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1926, ń ṣe tọkùnrin tobìnrin. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an tó sì ń pẹ́ kó tó dá kì í ronú láti sọ ọ́ fún dókítà eyín. Dókítà náà kì í sì í béèrè. Ó yẹ kó béèrè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò eyín ẹni bẹ́ẹ̀ tọ́ kí a wò fínnífínní. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín, ó lè dà bíi pé gbogbo rẹ̀ dára: aláìsàn gé òwú gọ́ọ̀sì há fún ìṣẹ́jú 20, ó tutọ́, itọ́ mọ́, ó lọ sílé. Itọ́ ní èròjà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, dídì náà le tó láti dúró títí ẹran fi máa hù. Lára ẹni tó ní himofílíà, ó rọ̀, ó tóbi, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà lóru nígbà tí gbogbo kẹ́mísì ti tì. Aláìsàn á máa gbé e mì, kò ní í mọ bó ti pọ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún jinlẹ̀ sẹ́yìn àgbọ̀n ni wọ́n fún un láìmúra sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ẹran ọ̀fun, ọ̀nà mímí á sì fún.

Ìmúra sílẹ̀ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, owó ló ń dá a dúró. Wọ́n á fún aláìsàn ní èròjà dídì tí kò ní, Fákítọ̀ 8 tàbí 9, ṣáájú iṣẹ́. Dókítà á rọra yọ eyín náà, á rán ojú egbò, á fi ohun tó ń ran dídì lọ́wọ́ sínú ihò rẹ̀. Fákítọ̀ wọ́n ní Nàìjíríà, ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ himofílíà àgbáyé sì ni èyí tó pọ̀ nínú ohun tí àwọn aláìsàn ń rí lò. Tranexamic acid ni olùrànlọ́wọ́ tí owó rẹ̀ kò ga. Tọkọtaya onímọ̀ ará Japan, Utako àti Shosuke Okamoto, ló gbé e jáde ní 1962. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè yọ́. Wọ́n lè gbé e mì, wọ́n sì lè fi omi rẹ̀ yọ ẹnu fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn agbẹ̀bí Ìbàdàn mọ̀ ọ́n dáadáa: UCH wà lára àwọn ilé ìwòsàn tó kópa nínú ìwádìí ńlá tó dán an wò lára obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Ohun tó ń gba abiyamọ là kò yẹ kó wọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù dókítà eyín.

Ẹ̀jẹ̀ tí oògùn sọ di èyí tí kì í dá pọ̀ ju èyí tí a jogún lọ. Ní Òkè-Àdó, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tí eyín bá ń dùn kì í kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kẹ́mísì ló ń yà sí. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, á sì di oògùn sínú ọ̀rá kékeré: Ampiclox, Flagyl, oògùn ìrora kan. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ dé kẹ́mísì. Alábùkún ló ń dà sẹ́nu, ìyẹ̀fun tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, tí aspirin àti káfíìnì wà nínú rẹ̀. Aspirin ń pa ìrora lóòótọ́. Ó tún ń sọ plétílẹ́ẹ̀tì di aláìlágbára fún gbogbo ìyókù ayé plétílẹ́ẹ̀tì náà, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 7 sí 10. Ẹni tí ara rẹ̀ pé lè lò ó kó sì yọ eyín láìsí wàhálà tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ á dà díẹ̀ sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ní àléébù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ibuprofen náà kò sì yẹ ẹ́.

Flagyl yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí nínú ẹsẹ̀ wọn, ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà máa dì ní ibi tí kò yẹ. Flagyl ń mú kí agbára warfarin pọ̀ sí i nínú ara. Bàbá tó rà á ní kẹ́mísì nítorí eyín lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti yíyọ eyín fún ẹni tó ń lo warfarin, àṣà àtijọ́ ni pé kó dá oògùn náà dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ dókítà ti fi àṣà náà sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ eyín ṣeé dá dúró pẹ̀lú òwú ìránbò àti gọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ọpọlọ kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò INR, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, ní wákàtí 24 ṣáájú. Bí kò bá ju 4 lọ, wọ́n lè yọ eyín kan tàbí méjì láìdá oògùn dúró. Ẹ̀dọ̀ tí ọtí tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B ti bà jẹ́ náà kì í ṣe èròjà dídì tó, ẹni bẹ́ẹ̀ sì nílò àyẹ̀wò kan náà.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni dókítà eyín ti lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rí ohun tí àwọn yòókù kò tíì rí. Èrìgì tó wú bo eyín, tó rọ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, lára ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ ti funfun, tí ibà kò sì fi í sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fífọ eyín tọ́jú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Plétílẹ́ẹ̀tì ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 150,000 àti 400,000 nínú máíkrólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá wálẹ̀ ju 50,000 lọ, wọn kì í yọ eyín láìkọ́kọ́ fa plétílẹ́ẹ̀tì sí aláìsàn lára. Bí ó bá ti di pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ, eyín tó ti jẹrà gbọ́dọ̀ kúrò ṣáájú, kí egbò rẹ̀ sì ti jinná, nítorí pé lẹ́yìn tí oògùn bá ti lu sẹ́ẹ̀lì funfun bolẹ̀, ihò eyín kékeré lè di ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọdé ni jẹjẹrẹ ti Burkitt sábà máa ń mú. Denis Burkitt ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ yìí ní Uganda ní 1958, kò sì pẹ́ tí àwọn onímọ̀ UCH fi rí i pé ó pọ̀ ní Ìbàdàn náà. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan ló ń ya wèrè, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí lára ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Eyín ọmọ ọdún mẹ́fà tó mi kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọjọ́ orí tí eyín wàrà ń yọ ni. Ṣùgbọ́n bí eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá mi pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sí eyín kankan níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n yọ. Kókó náà lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó tún ń gbọ́ oògùn kíákíá bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé ọmọ kiri láti orí ewé dé orí àdúrà fi burú tó bẹ́ẹ̀.

Kí ìbẹ̀rù má baà mú ẹni tí kò yẹ, ó dára láti sọ pé èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ń fọ ẹnu kì í sábà jẹ́ àìsàn ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí tó le mọ́ ìdí eyín ló pọ̀ jù lára ohun tó ń fà á. Ọ̀pọ̀ á rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì dáwọ́ fífọ ibẹ̀ dúró, ìdọ̀tí á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Ahọ́n tó ń dán, tó ń ta, pẹ̀lú igun ẹnu tó là, ló sábà máa ń tọ́ka sí àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìjẹ oúnjẹ aṣaralóore fà, pàápàá lára aboyún.

Abéèrè kì í ṣìnà, ìbéèrè tó sì yẹ lórí àga eyín kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ? Ṣé ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ rí, tàbí nígbà tí wọ́n dá abẹ́ fún ọ? Ṣé irú rẹ̀ wà nínú ìdílé, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn arákùnrin ìyá rẹ? Oògùn wo lo lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti àgbo àti ìyẹ̀fun? Aláìsàn tí wọn kò bá bi ní ìbéèrè wọ̀nyí, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Láti Òkè-Àdó, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà ní Ring Road, ilé ìtọ́jú eyín ti ìjọba wà ní Dùgbẹ̀, UCH sì ni ibi tí ẹ̀ka eyín àti ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ọgbà kan náà, tí dókítà méjèèjì fi lè jọ jókòó lórí fáìlì kan. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, kó lọ yẹ eyín rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nígbà tí kò tíì dùn ún, kó sì mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ dání lọ́jọ́ tó bá ń lọ.